Ojú Ẹlẹ́hàá Tí Mo Rí fún Báǹkì

Ọkùnrin ni wọ́n ń retí. Ọ̀gá ilé ìwé wa ti kọ̀wé sí báǹkì kan ní Ìkòròdú pé òun fẹ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ránṣẹ́ kó wá kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi gígùn, kò sì rántí sọ fún wọn pé ọmọbìnrin ni. Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá kíláàkì gbójú sókè, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń kọ́?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀. Mi ò kúrò lójú kan. Ṣé wọ́n ní kí n wá ni àbí wọn ò ní kí n wá?

Òmìnira ò tíì dé nígbà yẹn, òyìnbó ni mánijà, ṣùgbọ́n ọ̀gá kíláàkì yìí, ọmọ Èkó tó máa ń wọ táì nínú ooru, ló ń ṣàkóso ibẹ̀ ní tòótọ́. Iṣẹ́ tó fún mi ni káàdì kíkọ fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹni tí kò lè fọwọ́ síwèé, àtàǹpàkò ló máa ń tẹ̀, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò nìkan ò tó fún báǹkì. Mo gbọ́dọ̀ wo ojú oníbàárà kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé pélé ló kọ tàbí àbàjà, ṣé àpá wà níwájú orí rẹ̀ tàbí kò sí. Ọjọ́ tó bá padà wá gbowó, wọ́n á yọ káàdì, wọ́n á fi wé ojú. Àwọn kíláàkì kà á sí iṣẹ́ yẹpẹrẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e fún mi. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í sọ ìtàn ilé rẹ̀ fún ẹni tó bá ń wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ohun tí mo ń lé ni ìwé tí ọ̀gá kíláàkì máa kọ nípa mi ní ìparí ìsinmi. Bó bá kọ ọ́ dáadáa, báǹkì máa gbà mí síṣẹ́ bí mo bá ti jáde ilé ìwé. Obìnrin kankan ò tíì jókòó lẹ́yìn káńtà yẹn rí. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé mo ń lá àlá rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà Ẹ̀pẹ́, èmi pẹ̀lú ọ̀gá kíláàkì àti ọlọ́pàá kan máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èbúté Ìkòròdú, a ó lọ tẹ́ tábìlì sínú pálọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ọ̀sà, kí àwọn ará ibẹ̀ lè wá fowó pamọ́. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bí mo bá ti ń sọ̀kalẹ̀ báyìí, àwọn ẹlẹ́ja á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọmọ àwọn ti di òyìnbó, kí n má gbàgbé àwọn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan mú ẹlẹ́hàá wọlé. Aṣọ dúdú bò ó látòkè délẹ̀, ojú rẹ̀ ò hàn rárá. Gbogbo èrò pálọ̀ yíjú sí i, nítorí ẹlẹ́hàá kì í ṣàdédé jáde lọ́sàn-án gangan. Ìyá náà ní ọmọ òun ni. Inú ilé ló ti ń ta ẹní àti aṣọ, àwọn ọmọ ló ń bá a gbé e jáde. Lọ́dún tó kọjá, iná jó ilé wọn, àpótí owó rẹ̀ sì bá a lọ. Ọkọ rẹ̀ wá gbà pé kó kó owó rẹ̀ wá sí báǹkì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan yìí péré ni, ọkùnrin kankan ò sì gbọ́dọ̀ rí ojú rẹ̀.

Ọ̀gá kíláàkì ní, "Ìyá, a ti gbọ́. Ẹ ní kó ṣí ojú."

Arúgbó náà ní, "Ojú ta ni, ọmọ mi? Ojú gbogbo ọkùnrin tó jókòó síbí yìí?"

"Rúùlù ni. Òṣìṣẹ́ báǹkì gbọ́dọ̀ rí ojú oníbàárà. Bí kò bá lè ṣí i, kó máa lọ sílé. Ẹni tó kàn!"

Ẹlẹ́hàá náà yí padà, ó ń táràrà wá ọwọ́ ìyá rẹ̀. Bí mo ṣe rí ọwọ́ yẹn tó ń wá ọwọ́, inú bí mi gan-an.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo lè bá a wọ yàrá ìyàwó onílé. Màá wo ojú rẹ̀, màá sì kọ ọ́."

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́."

"Káàdì tí a ti ń kọ láti àárọ̀, ta ló ń kọ ọ́, sà?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò. Ọ̀gá kíláàkì rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí mo bá dìde lórí àga yẹn, kí n má ronú ìwé kankan lọ́wọ́ òun mọ́. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo mú káàdì, mo mú ìǹkì, mo dìde.

Nínú yàrá, ó káṣọ sókè. Mo wò ó, mo kọ ohun tó yẹ kí n kọ, mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, a tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ṣé wọ́n máa lé ọ?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Kí ló wá dé tó o fi ṣe é? O ò mọ̀ mí rí."

Mo ní, "Inú ló ń bí mi." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì pa èmi náà.

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá kíláàkì kọ̀ láti fọwọ́ sí káàdì náà. Mo kọ orúkọ tèmi síbẹ̀. Ó fẹ́ ya káàdì náà, ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja kan tó ń dúró de káàdì tirẹ̀ ní, "Ọ̀gá, bí ẹ ò bá gba owó tiẹ̀, ẹ dá tèmi náà padà." Ẹlòmíràn ní kí wọ́n dá tòun náà padà. Ó wojú wọn yíká, ó wo ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ń wo òrùlé. Ó gba owó náà.

Ní Ìkòròdú, mánijà wo káàdì, ó ní orúkọ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, kí ni wàhálà? Owó ẹlẹ́hàá dúró. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá kíláàkì ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kíláàkì ló ń dà mí láàmú. Bí wọ́n bá ti rí mi: "Báwo ló ṣe rí? Ọmọge ni àbí ìyá àgbà? Ṣé ó pupa?" Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mo parí, ọ̀gá kíláàkì pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ìwé mi wà níwájú rẹ̀, kò tíì kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ó ní, "Jókòó. Inú ò bí mi mọ́. Èmi àti ìwọ nìkan ló wà níbí, sòótọ́ fún mi: arẹwà ni, àbí?"

Kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ báǹkì á sì di tèmi.

Mo ní, "Ẹ kọ ohun tó bá wù yín, sà."

Ó kọ ọ́. Ó ní mi ò gbọ́ràn, mi ò sì yẹ fún iṣẹ́ báǹkì. Mo gbà á, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo jáde. Mi ò ṣiṣẹ́ báǹkì títí dòní. Ìyá mi bi mí nípa ojú yẹn, ọkọ mi bi mí, àwọn ọmọ mi náà ti bi mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má wulẹ̀ bi mí.