Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Gba Máàkì Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ Àyà

Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n rojọ́ ara mi fún yín, nítorí títí di òní, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi tán.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó ọjà sí. Láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá ń gbé páálí, àyà mi á kàn dédé ki eré mọ́lẹ̀, òòyì á sì kọ́ mi. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún dákẹ́ bíi pé òun kọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ká mi mọ́ orí àkàbà. Ọpẹ́lọpẹ́ àpò ike tó wà nílẹ̀, orí rẹ̀ ni mo já lé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn dókítà kan tó ń ṣèwádìí lórí bí ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń lù dé ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ mi láyà, wọ́n ní kí n gbé e káàkiri fún odindi ọjọ́ kan, kí n máa kọ ohun gbogbo tí mo bá ń ṣe sínú ìwé. Dókítà obìnrin kan, tí mo lè bí lọ́mọ, ní kí n ṣáà ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe.

Èmi tí mi ò fìdí rẹmi nínú ìdánwò rí láti kékeré! Ṣé ẹ̀rọ ni màá wá jẹ́ kó dójú tì mí? Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo jókòó sílé ní Ìjù. Mo ní kí ìyàwó mi má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mi ò wo bọ́ọ̀lù. Àlejò kan tiẹ̀ bú kílọ́ọ̀bù mi níṣojú mi, mo ní òótọ́ ló sọ.

Èsì jáde: ọkàn mi ń lù dáadáa. Mo dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kẹta, àyà tún ki eré mọ́lẹ̀, mo dì mọ́ ògiri. Ta wá ni kí n gbà gbọ́? Ìwé ní kò sí nǹkan kan, àyà ní nǹkan wà. Àbí orí mi ni ò pé mọ́?

Ìyàwó mi fà mí lọ bá dókítà yẹn. Ó ṣí ìwé tí mo kọ, ó kà á sókè: "Mo jókòó. Mo mu omi. Mo jókòó. Mo sùn. Mo jókòó." Ó wò mí lójú. "Dádì, ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń gbé ayé yín?"

Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti gbà á: "Dókítà, ẹni tí kì í jókòó jẹun nìyí. Ó ní òun fẹ́ páàsì ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ tún le. Ó ní ńṣe ni mo dà bí ẹni tó pe ọlọ́pàá pé kó wá ṣọ́ olè, tó tún lọ bẹ olè pé kó má jáde lọ́jọ́ náà. Ó ní bí àyà yẹn bá tún sáré lókè àkàbà, àpò lè má sí nílẹ̀.

Wọ́n tún ẹ̀rọ lẹ̀ mọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo lọ síbi iṣẹ́. Dókítà ti ní mi ò gbọdọ̀ gun àkàbà, ṣùgbọ́n mo gbé páálí, mo bá awakọ̀ tírélà fa ọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án, eré àyà náà dé. Nígbà tí dókítà fi ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde hàn mí, ìlà tó ń lọ jẹ́jẹ́ dédé di págunpàgun bí eyín ayùn. Ó ní olè náà rèé, oògùn rẹ̀ sì wà, àwọn á jọ máa wò ó.

Ẹ gbà mí. Wọ́n ní ara mi le, mò ń ṣubú kiri. Wọ́n ní ara mi ò le, ọkàn mi wá balẹ̀. Irú kí lèyí?

Ohun tí mo ṣáà rí kọ́ ni pé, bí a bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ara wa gan-an ni ká gbé lọ, kì í ṣe èyí tá a ti fọ̀ tá a ti lọ̀.

Mo bẹ dókítà kó ya àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn dà nù. Ó kọ̀. Ó ní nítorí rẹ̀ ni àwọn ṣe ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀rọ báyìí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sinmi nítorí wa."

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti ṣe rí kí dókítà lè yìn yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo gọ̀.