Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Yunifásítì

Obì ni wọ́n fi tọ́ mi. Nínú agboolé wa ní Mákùn, kò sí ọjọ́ tí ẹ ò ní bá obì nínú omi. Bí wọ́n bá kó o jáde nínú èèpo ńlá rẹ̀, awọ funfun kan ṣì máa ń bò ó lára. Wọn yóò rẹ ẹ́ kí awọ náà lè rọ̀, àwọn obìnrin yóò sì jókòó tì í, wọn yóò máa fọwọ́ bó o lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi wà lára wọn. Omi obì ti jẹ àárín ìka wọn débi pé ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀bà, nítorí ata ọbẹ̀.

Nígbà tí mo fi wọ yunifásítì láti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ṣójà ló ṣì ń ṣèjọba. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa kan dúró níwájú kíláàsì, wọ́n ní, “Ẹ má fòyà. Ìjọba ń dúró dè yín. Ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí ni ẹ máa yan iléeṣẹ́ tó bá wù yín.” A pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Olùkọ́ yìí náà ló bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ya ẹ̀rọ tí wọ́n rí nínú ìwé. Mo ní ẹ̀rọ tó ń bó obì ni mo fẹ́ ṣe. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín. “Obì? Ó dáa, ṣe é, tó bá ti lè yí.”

Ó yí lóòótọ́, àmọ́ ó ń ha obì lára. Obì tó bá ti fara ha máa ń di dúdú, àwọn tó ń rà á lọ sókè Ọya kò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ẹ̀rọ náà wálé nígbà ìsinmi. Ìyá mi ki ọwọ́ bọ inú dúróòmù irin tó ń yí obì, wọ́n fi pa á yíká.

“Irin yìí le jù fún un,” ni wọ́n wí. “Wá nǹkan tó rọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ sínú rẹ̀.”

Mo gé tíúbù táyà mọ́tò àtijọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú dúróòmù. Láti ọjọ́ náà, obì ń jáde láìní àpá kankan. Gbogbo obìnrin agboolé wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e padà sílé ìwé, olùkọ́ mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n fúnra wọn fi rúlà wọn dúróòmù náà. Wọ́n bi mí iye agbọ̀n tó lè bó láàárọ̀ kan, ibi tí obì ti ń wọlé, àwọn tó ń rà á. Inú mi dùn pé èèyàn ńlá bíi tiwọn fẹ́ mọ nǹkan nípa ilé wa. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ.

Mo wá bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ rò pé mo lè máa ṣe é tà, sà?”

Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo já kulẹ̀. “Ṣé torí kí o lè wá di ọlọ́jà ni wọ́n ṣe rán ẹ wá síbí? Lọ sin ìlú rẹ. Tí o bá dé, màá kọ lẹ́tà fún ẹ sí iléeṣẹ́ ìjọba. Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi kẹ́kọ̀ọ́.”

Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí ìyá mi bèèrè pé, “Ẹ̀rọ wa ńkọ́?” mo dá wọn lóhùn pé ti ilé ìwé ni. “Ó dáa,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí omi.

Mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo padà wálé, kò síṣẹ́. Ìjọba alágbádá ti dé, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ pé kí gbogbo ìlú fún ṣòkòtò le, owó ìlú ti ń tán. Mo kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọkọ̀ lọ sí Èkó láti oríta ọ̀nà márosẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tí mo ní. Lẹ́tà tí olùkọ́ mi ṣèlérí kò dé. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé ni.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ìyá mi ní kí n sin wọ́n lọ sí Ìpẹru láti kó obì lọ́wọ́ oníbàárà wọn kan. A ò tíì wọ àgbàlá oníbàárà náà tí mo fi gbọ́ ìró ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ bíi tèmi gẹ́lẹ́ wà láàárín àwọn obìnrin mẹ́rin, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i wà lápá òsì. Kò sí ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ báyẹn. Apá òsì ni mo fi tèmi sí, torí ọwọ́ òsì ni ìyá mi ń lò.

“Dókítà kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ló ń ṣe é,” ni oníbàárà ìyá mi ń ṣàlàyé. “Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jó irin rẹ̀ nítòsí oríta márosẹ̀. Ẹ tètè lọ o, èrò ń tò síbẹ̀.”

Ìyá mi na ọwọ́ sínú dúróòmù, wọ́n kan rọ́bà náà. Wọ́n fa ọwọ́ yọ, wọ́n dúpẹ́, a gbé obì wa. Ó di ojú ọ̀nà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo tà á fún un?”

N ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo búra fún wọn lójú ọ̀nà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbà mí gbọ́, àmọ́ wọn ò wo ojú mi. Láti ọjọ́ yẹn ni n ò ti lè pe olùkọ́ mi ní “wọ́n” mọ́ tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n jókòó. N ò jókòó, mo bèèrè ẹ̀rọ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

“Irin ta lo fi ṣe é?” ni ó bi mí. “Iná ta lo lò? Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe níbí, ti ilé ìwé ni.”

“Ṣé ilé ìwé ló ń tà á, sà?”

Ó ṣí ìwé kan, ó tún pa á dé. “Ṣebí iṣẹ́ ìjọba lo ní o fẹ́.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n fẹ́ ẹ.”

Mo jáde. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ó mọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wá oníbàárà, bí èèyàn ṣe ń ṣe èkejì kí owó rẹ̀ lè kéré sí ti èkíní, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ẹni sára nǹkan tí ẹni ṣe kí ẹlòmíì má baà gbà á. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀, kò sì kọ́ wa ní ọ̀kan ṣoṣo. Bí a ṣe ń kọ ìwé tọrọ iṣẹ́ ló kọ́ wa.

Èmi àti wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Mákùn ṣe òmíràn fún ìyá mi. Nígbà tí mo gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀ tà, àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín pé ayédèrú ti dókítà ni. Mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé girama kan, ibẹ̀ ni mo sì wà.

Nígbà tó yá, tí iṣẹ́ wá wọ́n gan-an, tí gbogbo èèyàn ń wàásù pé kí àwọn ọ̀dọ́ dá iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀, lẹ́tà dé láti yunifásítì wa. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn tó ń ṣe àṣekágbá sọ̀rọ̀. Orúkọ olùkọ́ mi yẹn ló wà nísàlẹ̀. Ó ti di olórí ẹ̀ka. Ìyá mi ní kí n má lọ. Mo lọ nítorí àwọn ọmọ náà.

Ó jókòó níwájú. Mo sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwé láìgba ìwé àdéhùn. Mo ní kí wọ́n bèèrè ohun tí ọjà fẹ́ kí wọ́n tó ya ohunkóhun, kí wọ́n sì bi àwọn ìyá wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà ń mi orí.

Bí mo ṣe parí, ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. “Ẹ wò ó dáadáa,” ni ó sọ fún wọn. “Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sì gbọ́ tí ẹnu èmi fúnra mi ń wí pé, “Ẹ ṣé, sà.”