Àwọn Òkúta Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ọjọ́bọ̀ ni mo fọ òkúta Dókítà. Ẹ̀rín ló ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mi ò rí ẹ̀rín rín.

Dókítà ni ọ̀gá wa, ìyá àgbà kan láti Èkìtì tó mọ ìtàn ilẹ̀ àti àpáta bí ẹlòmíràn ṣe mọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Galadimawa. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni láti wádìí ibi tí epo rọ̀bì àti àlùmọ́ọ́nì wà nínú ilẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n nu tábìlì, kí n sì po tíì. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ojú sì máa ń tì mí débi pé bí èèyàn bá kí mi, orí ni mo fi ń dáhùn. Àǹtí mi ló bẹ Dókítà ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó gbà mí, mi ò sì tíì pé oṣù méjì níbẹ̀.

Ọyẹ́ mú lọ́sẹ̀ yẹn, eruku bo gbogbo nǹkan. Dókítà ń lọ sí Abaji níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ní kí n tún yàrá ẹ̀yìn ṣe, nítorí àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ló máa sọ bóyá kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ tàbí kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Àpótí pákó mẹ́rin ni mo bá nínú yàrá náà. Òkúta róbótó bí iṣu tí wọ́n gé ló kún inú wọn. Dúdú wà láàárín funfun, funfun wà láàárín pupa. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó kó wọn síbẹ̀ kò mọ nǹkan tò. Mo bá fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n títí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà sí wọn lára fi pòórá. Mo sá wọn sóòrùn. Mo wá to funfun sínú àpótí kan, pupa sínú òmíràn, dúdú sínú ẹ̀kẹta, mo sì kó àwọn tí mi ò mọ àwọ̀ wọn sínú ẹ̀kẹrin. Inú mi dùn lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni agùnbánirọ̀ tó ń bá wa ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́pà, ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà.

“Àǹtí, ta ló to nǹkan wọ̀nyí?”

“Èmi ni.”

“Ó mọ́ o. Ó mọ́ ju ojú mi lọ.” Ó wá gbé ọwọ́ lérí. “Bí wọ́n ṣe jáde nínú ilẹ̀ la ṣe tò wọ́n. Tòkè ló ṣáájú, tìsàlẹ̀ ló gbẹ̀yìn. O kàn tú Bíbélì palẹ̀ ni, o wá to ewé tó ní àwòrán sọ́tọ̀.”

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ti rí ara mi nínú mọ́tò tó ń padà sí Ìsẹ́yìn, ìlú wa. “Ṣé wọ́n máa lé mi?”

“Dókítà ò lé èèyàn rí torí òkúta,” ni Kọ́pà wí. “Àmọ́ kò sẹ́ni tó fọ òkúta ẹ̀ rí náà.”

Ìwé tí Dókítà kọ ètò wọn sí wà nínú báàgì rẹ̀ ní Abaji, ọ̀sán ló sì máa dé. Mo mú òkúta dúdú kan, mo wo ẹnu ibi tó ti kán. Ó rí ṣágiṣàgi. Mo mú òmíràn tì í, kò bá a mu. Mo mú ìkẹta, òun àti ti àkọ́kọ́ sì wọnú ara wọn bí eyín òkè àti tìsàlẹ̀. Mo pe Kọ́pà wá wò ó. Ó ní àwọn pupa tí gbòǹgbò koríko wà nínú wọn ló wà lókè pátápátá, ibẹ̀ la sì ti bẹ̀rẹ̀.

A ti to àpótí mẹ́ta tán kí a tó rí ìṣòro. Nínú ẹ̀kẹrin, àwọn méjì kan kò gbà fún ara wọn, kò sì sí òkúta mìíràn nílẹ̀.

“Tì wọ́n pọ̀,” ni Kọ́pà wí. “Ta ló máa mọ̀?”

“Wọn ò mọra.”

“Àlejò ń bọ̀, ìwọ ń wá ẹbí òkúta.”

Mi ò tíì já ẹni tó kàwé ní koro rí. Ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ bo àyè tó wà láàárín òkúta méjèèjì, mi ò sì jẹ́ kó tì wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni Dókítà bá wa.

Ó yí àwọn àpótí náà ká. “Ta ló ní kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ níbí?”

Kọ́pà wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí ọṣẹ dórí àwọ̀. Dókítà yọ ìwé rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà, ó ń wo òkúta, ó tún ń wo ìwé.

“Ẹrẹ̀ rírọ̀ ló wà níbẹ̀,” ló wí. “Omi tó ń jáde lára ẹ̀rọ ló gbé e lọ nígbà tá à ń gbẹ́ ilẹ̀, a ò rí nǹkan kan mú jáde. Àyè ló yẹ kó wà níbẹ̀ lóòótọ́.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti fi èyí tí wọ́n máa yẹ̀ wò bóyá epo wà nínú wọn ránṣẹ́. Epo ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Ò bá ti bá mi rí epo lọ́jọ́ kan ṣoṣo.”

Kọ́pà bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ má bínú, mà,” ni mo wí.

“Bó o bá tún fọ òkúta mi, màá fọ ìwọ náà. Dìde, lọ mú ṣọ́ọ̀kì wá. Ìwọ lo máa kọ nọ́ńbà sí wọn.”

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn àlejò dé. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó wọ kóòtù, fi ìka kan àyè náà, ó ní ṣé ẹnì kan ló mú òkúta kúrò níbẹ̀. Dókítà yíjú sí mi níbi tí mo gbé tíì dúró sí.

“Dá wọn lóhùn.”

Mo gbé tíì sílẹ̀. “Kò sẹ́ni tó mú un, sà. Ẹrẹ̀ ni, omi ló gbé e lọ.” Ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n mo mú òkúta méjèèjì fún wọn. “Ẹ wò ó, sà, wọn ò mọra.”

Bàbá náà gbà wọ́n. Ó fi ẹnu wọn kanra, wọn ò bára mu. Ó yí ọ̀kan padà, ó tún gbìyànjú, ó wá na òkúta náà sí ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkúta méjì yẹn ni wọ́n ṣì ń sọ títí tíì náà fi tutù.