Gbígbọ́ Kọ́ Ni Gbígbà: Bí Àwa Aránṣọ Ìkọ̀tún Ṣe Gba Ìwé Ìwọ̀n Wa Padà

Ọdún mẹ́ta rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ọdún Iléyá, nígbà tí iṣẹ́ máa ń dẹwọ́ díẹ̀ fún àwa aránṣọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba fíríídọ́ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ máa ń gbọ́ tí àwa àgbà ń bi ara wa nípàdé ẹgbẹ́ pé, "Gbígbọ́ ni àbí gbígbà?" Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba ìwé ìwọ̀n wa padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó tóbi jù wá lọ, inú mi sì ń dùn títí dòní pé ìṣojú mi ló ṣe.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aránṣọ ní Ìkọ̀tún nígbà náà. Ìyá Kúdí ni wọ́n ń pè mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kì í gbà kí a pe iye ìwọ̀n oníbàárà sókè. Bó bá ń wọn èèyàn, jẹ́ẹ́jẹ́ ni yóò sọ ọ́ sí wa létí, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó máa ń ní, "Ẹni tó bá bọ́ra sílẹ̀ níwájú yín, ẹ̀yin ni aṣọ rẹ̀ títí tí ẹ ó fi rán òmíràn fún un." Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń wà nínú ìwé ìwọ̀n. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ wà níbẹ̀, ẹni tó lóyún tí kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. A kì í yá ẹnikẹ́ni níwèé bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ẹgbẹ́dá wá gbé ápù jáde fún aránṣọ. N kò ní dárúkọ wọn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú. Inú ápù náà la ó kó ìwọ̀n oníbàárà wa sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn àti àwòrán sítáì tí a bá rán. Bí òjò bá pa ìwé tàbí tí eku jẹ ẹ́, kò séwu mọ́. Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Àwa tí a máa ń bẹ àwọn ọmọ wa kí wọ́n bá wa ka nǹkan lórí fóònù, a wá ń dá kà á. Èmi gan-an ni mo dìde nípàdé tí mo ní kí gbogbo wa wọ̀ ọ́. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń du ipò. Bàbá Gàníyù, alága wa tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló ní òun ò ṣe ní tòun, pé ojú òun ò gbé fóònù. A fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Kí èèyàn tó wọlé sínú ápù náà, ìwé gígùn kan á kọ́kọ́ yọ, tí kò sẹ́ni tó kà á dé ìdajì. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀: MO GBỌ́. Kò sí òmíràn. Gbogbo àwa tí a wọ̀ ọ́ la tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ọ bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, kí lo tún fẹ́ sọ ju pé o gbọ́ lọ?

Mo ní oníbàárà kan ní Ìgándò tí mò ń pè ní Ìyá Ìjọ. Aládùúrà ni, Mùsùlùmí lèmi, síbẹ̀ èmi ni mò ń rán sùtánà rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ òsì ní ọsibítù nítorí àìsàn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo máa ń rán fóòmù sí ẹ̀gbẹ́ òsì aṣọ rẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè dọ́gba, tí yóò sì máa lọ tí yóò máa bọ̀ níwájú pẹpẹ láìbẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé mi, àwòrán abẹ́rẹ́ kékeré kan ni mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ápù kò fi àyè abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Àkíyèsí" sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: *Kò ní ọmú òsì, fi fóòmù sí i.* Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́.

Kò pẹ́ rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí wọ́n ń dánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù Ìyá Ìjọ dún. Kò mú gíláàsì rẹ̀ dání, ló bá ní kí obìnrin kan nínú àwọn akọrin bá òun ka ohun tó wọlé. Obìnrin náà kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà: "Ẹ kú ìrójú ọmú yín tó lọ. A ní kọ́mú tó máa bá yín mu." Àwọn kan tó ń ta kọ́mú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ alápù ló fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀ àti ohun tí mo kọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo.

"Ìyá Kúdí, yàtọ̀ sí àwọn dókítà, èèyàn méjì ló mọ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé ápù, mo ṣàlàyé àpótí àkíyèsí, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Ó kó aṣọ rẹ̀ tí mo ti gé tí n kò tíì rán, ó sì lọ. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ti wọ etí, kò tíì wọ inú. Iṣẹ́ tí mo fi ń bo àṣírí èèyàn láti ọjọ́ yìí wá, òun náà ni mo fi tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán mi jù.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nípàdé, n kò fi ara mi pamọ́, ṣùgbọ́n n kò dárúkọ oníbàárà náà. Àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ tiwọn. Mufu, tó ń ránṣọ ọkùnrin ní Ìjẹ̀gùn, ti rí sítáì agbádá tí òun fi orí ara rẹ̀ gbé kalẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà ń ta bíi pátánì, tí wọ́n lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Inú ń bí i.

"Ìyá Kúdí, ẹ̀yin lẹ kó wa wọ̀ ọ́ o."

Mo ní, "Òótọ́ ni. Èmi náà ni n ó kó yín jáde."

N kò mọ bí n ó ṣe ṣe é nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. A kọ̀wé sí wọn, wọ́n fèsì ní ìlà kan péré pé gbogbo wa ti tẹ MO GBỌ́, pé ohun tí a fi síbẹ̀ ti di tiwọn láti lò bó ṣe wù wọ́n. Ẹgbẹ́ bá dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ohunkóhun sínú ápù mọ́, kò sẹ́ni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa sì lọ jókòó sí iwájú ọ́fíìsì wọn ní Ẹgbẹ́dá. A gbé téèpù kọ́rùn, a di ìwé ìwọ̀n wa àtijọ́ mú láìṣí i.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó. Lọ́jọ́ kìíní, bàbá tó ń ṣọ́ géètì ní ká dìde ká máa lọ. Ọ̀kan nínú wa mọ̀ ọ́n, òun ló rán yúnífọ́ọ̀mù tó wọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ ṣì dúró. Ṣé ìwọ̀n ikùn yín ni kí n kọ́kọ́ kà ni, àbí ti ìdí?"

Bàbá padà sídìí géètì rẹ̀, àwọn èrò ojú ọ̀nà sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà fi tíṣáàtì ránṣẹ́ sí wa, kí a lè rò pé ọ̀rẹ́ ni wá. A yẹ̀ ẹ́ wò nínú àti lóde, a dá a padà, a sì sọ fún wọn pé ẹni tó rán an kò tíì yẹ kó gba fíríídọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀gá wọn pè wá wọlé.

Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ó wọ gíláàsì, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Gàníyù bó ṣe yẹ. Lọ́yà obìnrin kan jókòó tì í. Nígbà tí gbogbo wa jókòó tán, ọ̀gá náà ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, kò sẹ́ni tó jí nǹkan yín. Ó wà lákọsílẹ̀ níbí. Gbogbo yín lẹ tẹ MO GBỌ́."

Lọ́yà yí kọ̀ǹpútà sí wa kí a lè rí i. Orúkọ mi ló ṣáájú. Mufu wolẹ̀. Mo rò pé ó ti tán.

Bàbá Gàníyù kò tíì sọ nǹkan kan láti ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ó di ojú, a rò pé oorun ló ń sùn. Ó wá là á.

"Ọmọ mi, mọ́tò funfun tó wà nínú ọgbà yẹn, ṣé tìẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa àgbà ẹgbẹ́ ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. A fẹ́ kó o fi mọ́tò yẹn sílẹ̀ fún wa, ká máa fi kó aṣọ láti Ìkọ̀tún lọ sí Ìyànà Ìpájà. Àárọ̀ ọ̀la la fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá náà wo lọ́yà rẹ̀, ó wò wá, ó sì tẹrí ba díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. "Mo ti gbọ́, sà."

Bàbá na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dà?"

"Sà?"

"Ṣebí o ní o ti gbọ́. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo ní mo gbọ́ ni. Mi ò sọ pé mo gbà."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́, bàbá."

"Kà á fún wọn, jàre."

Mo kà á. Mo tún un kà, torí ẹ̀ẹ̀kejì ló dùn lẹ́nu mi jù.

Lọ́yà fẹ́ sọ pé ti ápù yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè dá a dúró. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì bi àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pé ta ló kọ bọ́tìnì yẹn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló túmọ̀ rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó tún un wò. Bàbá Gàníyù ní, "Kọ̀ǹpútà tí kò kí ìyá ẹ̀ láàárọ̀ rí, ibo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?" Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá fún yẹ̀yẹ́ tí a fi í ṣe. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mi ò mọ fóònù. Yorùbá ni mo mọ̀."

Ohun tí a gbà nìyí. Wọ́n pa gbogbo ìwọ̀n àti àkíyèsí wa rẹ́ níṣojú wa, àwọn oníkọ́mú náà sì kọ̀wé pé àwọn ti pa tiwọn rẹ́. Bọ́tìnì ápù náà di méjì, MO GBÀ àti N KÒ GBÀ, Bàbá Gàníyù ló sì yẹ àmì orí ọ̀rọ̀ wò fún wọn. Àwa náà fọwọ́ sí i pé a ò ní máa dárúkọ wọn nígboro. Wọ́n bi wá bóyá a gbọ́ àdéhùn yẹn. A ní a gbọ́, a sì gbà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la rí gbà. Wọ́n yọ sítáì Mufu kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ohun tó bá sì ti bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ti fọ́ nìyẹn. Mufu rí i lọ́rùn ọkùnrin kan lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun bú u ni àbí kí òun kí i, torí pé agbádá náà bá a mu gan-an. Kò tíì sí òfin tí a mọ̀ tó lè bá Mufu gba orúkọ rẹ̀ padà sára aṣọ yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa bá a jà dé ibẹ̀.

N kò bá fóònù ṣọ̀tá. Mo ṣì ń fi ṣòwò. Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ ìtìjú, ẹni tó ń gba owó lórí rẹ̀ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ ọ. Ìwé ìwọ̀n mi ti padà sínú dúróọ̀ mi, àwòrán abẹ́rẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Bí mo bá rántí àwọn aránṣọ tó jókòó sínú oòrùn Ẹgbẹ́dá pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, orí mi máa ń wú.

Kí n tó kọ ìtàn yìí, mo lọ sí Ìgándò lọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ. Sùtánà tí ẹlòmíràn rán ló wọ̀, mo sì rí i pé èjìká òsì kò jókòó dáadáa. N kò sọ ọ́. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ, láìsí orúkọ rẹ̀, láìsí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, pé bó bá ní rárá, n kò ní kọ lẹ́tà kan.

Ó ní, "Kọ ọ́. Mo gbà."

Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

"Èyí tó o wá tọrọ lónìí ni mo gbà o, Ìyá Kúdí. Ti ọjọ́sí, mo ṣì ń gbọ́ ọ."