Púlọ́ọ̀gì Mẹ́rin àti Ọ̀wẹ̀ Àna Kan

Ní Abà Ìyàndá, lẹ́yìn Adégbayì, orí òkè ni Mùnírù ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Nígbà gbogbo. Kì í ṣe pé ibẹ̀ tẹ́jú. Kì í ṣe pé ibẹ̀ ní ibòji. Òkè náà ló ń bá a sítáátì ọkọ̀. Yóò tú búréèkì, ọkọ̀ yóò máa yí lọ sísàlẹ̀, yóò ki jíà bọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, yóò sì dìde.

"Ẹ ò rí i?" Mùnírù yóò wí fún ẹni tó bá wà nítòsí. Bí kò bá sí ẹnì kankan, yóò wí fún ewúrẹ́.

Àgbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù tó fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà Ṣáṣá dàgbà ju Fàdìlàt, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, lọ. Púlọ́ọ̀gì inú rẹ̀ náà kì í ṣe ọmọdé. Mẹ́rin ni wọ́n, àwọn irin kékeré tó ń ṣáná sí epo inú ẹ́ńjìnnì. Ẹnu wọn ti jẹ dé ìdí bí eyín arúgbó.

Jàmíù, mẹkáníìkì Adégbayì, yọ ọ̀kan, ó gbé e sójú oòrùn, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, èyí ti kú."

"Ṣé kì í ṣe òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Òkú ló gbé yín wá. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ká pààrọ̀ kọ́ńtáàtì tó ń fún wọn níná náà mọ́ ọn."

"Ohun tí kò bá tíì kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kò tíì gbó."

Òfin Mùnírù nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a fi sáńpépà ha púlọ́ọ̀gì. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, a yan wọ́n lórí iná. Ẹ̀ẹ̀kẹta kì í dé láé, nítorí bó bá ti yan wọ́n tán, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìkà láti orí ọ̀kan.

Inú páànù tí Hasanat, ìyàwó rẹ̀, fi ń yan ẹ̀pà ló ti ń yan wọ́n.

"Bàbá Fàdìlàt, ẹ̀pà wo lèyí tó ń rùn bí epo bẹntiróòlù?"

"Jẹ́ kó jinná."

"Tó bá jinná, ẹ̀yin nìkan lẹ ó jẹ ẹ́."

Àwọn àna ń bọ̀ ní Sátidé. Fọlájìmí fẹ́ fi Fàdìlàt ṣaya, ohun kan ṣoṣo ni Mùnírù sì ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àna. Kí ọkọ ìyàwó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n fi odindi ọjọ́ kan ro oko bàbá ìyàwó, bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Igbó ti bo oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Bí iná bá ràn mọ́ igbó yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ parí. Ẹ̀yìn Mùnírù ò sì gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Fọlájìmí ti gbà lórí fóònù: ogún ọ̀dọ́kùnrin, ogún àdá. Ó ku kí bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fádèyí, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ẹbí.

Ọ̀nà abà kò gba ọkọ̀ kékeré. Mùnírù ní òun fúnra òun ni yóò lọ gbé wọn ní Adégbayì.

"Pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì yẹn?" Hasanat bi í.

"Màá dán an wò lọ́jọ́ Alàmísì. Bó bá kọ̀, màá pààrọ̀ wọn."

Ó dán an wò lóòótọ́. Láti orí òkè. Ọkọ̀ yí wálẹ̀, ó húkọ́, ó dìde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Hasanat wo òkè. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ dán an wò nísàlẹ̀."

"Ta ló ń gbé ọkọ̀ sísàlẹ̀?"

Ní Sátidé, Mùnírù dé Adégbayì, kò sì pa ẹ́ńjìnnì ní gbogbo àkókò tó fi ń dúró dè wọ́n. Kì í ṣe òmùgọ̀. Fádèyí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, jókòó síwájú. Fọlájìmí àti ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún wà lẹ́yìn. Léèsì funfun, gbogbo wọn.

Nígbà tí wọ́n dé inú kòtò tó wà létí odò, adìyẹ kan kó ọmọ rẹ̀ sọdá. Mùnírù tẹ búréèkì. Ẹ́ńjìnnì kú.

Òkè níwájú. Òkè lẹ́yìn.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

"Ó ń mí," ó ní.

"Kí ló ń mí?" Ìyá Gbọ́njúbọ́lá bi í.

Ó tún yí i. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Òfin pé.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó wá iná tí yóò fi yan án, kò rí. Fádèyí, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba, yọjú wò ó.

"Àna mi, èyí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ o. Lọ́fíìsì tiwa, wọn ì bá ti fún un ní ìfẹ̀yìntì."

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Mùnírù. Ẹnu rẹ̀ bá sáré ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀yin àna! Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ àna láyé àtijọ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ọ̀wẹ̀ àna dé!"

Ariwo sọ. Wọ́n ká apá aṣọ, wọ́n ti ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì kò jí. Wọ́n tì í gun òkè, wọ́n tì í kọjá mọ́ṣáláṣí, wọ́n tì í dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá kò sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ tì í! Ìyàwó wà lókè!"

Nígbà tí wọ́n mu omi tán, Fádèyí dìde láàárín ẹbí. Mùnírù sún síwájú lórí àga. Ọ̀rọ̀ tó ń dúró dè rèé.

"Ẹ̀yin àna wa, ọmọ mi ní ẹ fẹ́ ọ̀wẹ̀. Mo ti ń rò ó, níbo ni mo ti fẹ́ rí ogún ọmọ tó mọ àdá mú? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ bẹ ọ̀wẹ̀ náà lójú ọ̀nà. Ẹ bẹ̀ ẹ́, a dá yín lóhùn. Ó ti parí. Ẹbí jẹ́rìí."

"Mo jẹ́rìí!" Ìyá Gbọ́njúbọ́lá kígbe. "Inú ọkọ̀ ni mo wà!"

Mùnírù wo Hasanat. Hasanat ń wo òrùlé.

"Ìdajì... ìdajì nìyẹn," ó ní.

"Ìdajì kẹ̀? Àna mi, ẹ wo aṣọ àwọn ọmọ yìí."

Ẹrẹ̀ dé ìbàdí. Mùnírù gbà.

Ní Mọ́ńdè, Jàmíù pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti kọ́ńtáàtì. Ní Túsìdeè, Mùnírù wà lóko, òun àti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tíì ro ìlà kan parí tí Fọlájìmí fi yọ, àdá tuntun lọ́wọ́, orúkọ ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Àánú bàbá ìyàwó ṣe é.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta kó tó gé koríko kan.

Mùnírù dúró, ó ń wò ó. Ogún irú èyí. Láti àárọ̀ dalẹ́. Ó rọra gba àdá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀wẹ̀ yín ti pé. Ó pé dáadáa."