Àpótí Ìtọ́jú Tí Mo Fi Àgádágodo Tì

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ àgádágodo yẹn. Èmi fúnra mi ni mo lọ rà á ní ọjà Mile One, tí mo fi ti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì ilé iṣẹ́ wa, tí mo sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ṣòkòtò. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bíi ti ẹni tó mú olè.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, ìyẹn 1999, ni mo dé Port Harcourt láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ló bá mi wá iṣẹ́ ìtọ́jú sítọ́ọ̀ sí ilé iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi, níbi tí wọ́n ti ń gé gíláàsì fún fèrèsé àti ilẹ̀kùn. “Oga Store” ni wọ́n ń pè mí. Àwa Yorùbá ibẹ̀ ò pọ̀. Àwọn yẹn ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá Sítọ́ọ̀. Adégòkè tí bàbá mi sọ mí wá di orúkọ tí wọ́n ń pè nílé nìkan. Èmi ò sì fẹ́ kí nǹkan sọnù lọ́wọ́ mi rárá. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí hóró ìrẹsì kan bá bọ́ nínú ìkòkò, n óò béèrè ibi tó gbà.

Ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi ni àpótí náà wà, onípákó, funfun, tó ní àmì àgbélébùú pupa. Ọjọ́ Ajé ni mo kó pílásítà, báńdéèjì, òwú, áyódìn, sípíríìtì àti oògùn ìrora sínú rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ku òwú. Ẹnì kan mú pílásítà lọ fún ọmọ rẹ̀ nílé. Ẹnì kan fi sípíríìtì pa èjìká lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Oògùn ìrora, ńṣe ni wọ́n pín in jẹ bí ẹ̀pà. Inú bí mi, mo lọ ra àgádágodo.

Àpótí náà kún fún ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa wá wo bí a ṣe ń dáàbò bo òṣìṣẹ́, mo ṣí i fún wọn, wọ́n mi orí, mánẹ́jà wa sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó rò ó pé níbi tí gíláàsì ti ń gé èèyàn lójoojúmọ́, àpótí tí kì í dín kì í ṣe ohun àmúyangàn. Àwọn tó ń fara gbọgbẹ́ ti ń dọ́gbọ́n tiwọn. Wọ́n á da bẹntiróòlù sójú ọgbẹ́, wọ́n á fi àkísà wé e, iṣẹ́ á máa lọ.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn ni wọ́n rán mi lọ gba ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí ìtọ́jú pàjáwìrì. Wọ́n kọ́ wa pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde, kí a dá onítọ̀hún dùbúlẹ̀, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gbọnyin. A ò gbọ́dọ̀ máa ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ àkọ́kọ́, òmíràn la ó gbé lé e lórí. Bí gíláàsì bá ha sínú ọgbẹ́, a ò gbọ́dọ̀ fà á yọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì la ó tẹ̀. Kò sí bẹntiróòlù, kò sí oúnjẹ, kò sí omi mímu. Mo yege, mo sì fi ìwé ẹ̀rí mi kọ́ sókè àpótí. Ẹ bá jí mi lójú oorun, n bá kà á bí ẹsẹ Bíbélì. Orí ni ìmọ̀ náà wà. Kò tíì dé ọwọ́.

Nínú gbogbo àwọn tó ń gé gíláàsì, Dagogo ló mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ Kàlàbàrí ni, Amadi-Ama ló ń gbé. Á fa irin ìgégíláàsì lẹ́ẹ̀kan, á fi ìka gbá a pẹ́rẹ́, gíláàsì á pín sí méjì láìjanpata. Kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní kì í jẹ́ kí òun mọ etí gíláàsì lára. Nítorí náà, òun ló máa ń wá bẹ̀ mí jù.

“Oga Store, abeg, one plaster.”

“You wan die?” N óò bi í bẹ́ẹ̀, n ò ní fún un, á rẹ́rìn-ín, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé gíláàsì ńlá kan kúrò lórí àgbékà. Gíláàsì náà sán láàárín. Ìdajì òkè já wálẹ̀, ó sì la inú apá ọ̀tún Dagogo, lókè ọrùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò ṣàn. Ńṣe ló ń ta jáde. Dagogo jókòó sílẹ̀, ó gbé apá náà sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé apá ẹlòmíràn ni.

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi jìnnà sí i. Èmi nìkan ni mo gba ẹ̀kọ́ nínú gbogbo wa. Mo kẹ̀yìn sí i, mo sáré lọ sídìí àpótí.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Kò sí kọ́kọ́rọ́. Ó wà nínú ṣòkòtò tí mo wọ̀ ní Sátidé, lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa ní Rumuodara. Mo tún àpò wá, mo tún un wá. Mo gbé òòlù, mo ń lu àgádágodo. Ojúlówó ni mo rà, kò mira. Lẹ́yìn mi, wọ́n ń pe Jésù, ẹnì kan sì ti gbé bẹntiróòlù dé nínú ike.

Ìyá Bùkọ́lá ló wọlé tí ó gbá ike náà dànù. Ìyàwó ọlọ́pàá ni, ará Ìlá, ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà ní gééètì wa. Kò gba ìwé ẹ̀rí kankan. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a pọ̀, ó dá Dagogo dùbúlẹ̀, ó gbé apá náà lé orúnkún rẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́.

“Bọ̀ọ̀dá Sítọ́ọ̀! Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀ yẹn?”

“Báńdéèjì ni!”

“Ẹ fi sílẹ̀! Bí garawa bá ń jò, ṣebí ọwọ́ la fi ń dí i ná? Ẹ wá bá mi tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ti ń ro mí!”

Mo ju òòlù sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta náà tó padà wá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rin gèlè, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo gbé e lé e. A tẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ fi dé, a tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀, a tẹ̀ ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ètè Dagogo ti funfun.

“Oga Store, cold dey catch me.”

“I dey here. No sleep.” Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Kò kú. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ náà bá fi díẹ̀ pẹ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó dí i, òkú la bá gbé wá. Ṣùgbọ́n gíláàsì ti gé iṣan, ìka rẹ̀ méjì ò sì ká mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo bi dókítà bóyá ìka wọ̀nyẹn ì bá yè ká ní mo tètè dì í mú. Ó ní rárá, ojú ẹsẹ̀ ni iṣan já. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí nínú. Kò tù mí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì kẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí mánẹ́jà ń kọ ìròyìn ìjàǹbá náà, ó bi mí pé ṣé àpótí kún. Mo ní, “Ó kún, sà.” Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò bi mí pé ṣé ó ṣí, èmi náà ò sì sọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ayùn rẹ́ àgádágodo. Pílásítà ń sọnù, mo ń rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mánẹ́jà ń kùn, mo ní a kì í sìnkú pílásítà. Dagogo padà ṣẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kò lè gé gíláàsì mọ́, wọ́n bá fi í sídìí wíwọn. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, èmi àti òun la jọ ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Á ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, á fi àpá hàn wọ́n.

“One man dey here that time,” á wí. “E sabi everything. Instead make e hold my hand, e run go find key.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ ọkùnrin náà rí, kì í sì í wo ojú mi tó bá dé ibẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn tó mọ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ Ìyá Bùkọ́lá lọ sí Ìlọrin, ó sì bá a lọ. Ó wá ku àwa méjì.

“Bàbá Ṣèyí, ṣé Dagogo ò tíì dárúkọ yín?” Ìyàwó mi a máa bi mí bẹ́ẹ̀.

“Kò tíì dárúkọ mi.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

N óò bu omi mu.

Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, àwọn tuntun méje jókòó síwájú wa. Dagogo sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Omidan kan láti Omagwa, tó wá kọ́ gígé gíláàsì, na ọwọ́ sókè.

“That man wey run go find key, dem sack am?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dagogo fi ọwọ́ dà á nù. “E don tey. Leave am.” Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó ṣì ń bò mí láṣìírí.

“Dem no sack am,” mo ní. “Na me.”

Ẹ̀rín dá. Omidan náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná, síbẹ̀ ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Dagogo yí ojú sí mi.

“But why you run, sir?” Omidan náà rọra béèrè.

Mo ti ní ọdún púpọ̀ láti fi ronú kan ìdáhùn yẹn.

“Fear catch me. Box no dey bleed.”

Dagogo fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi, ó na apá ọ̀tún rẹ̀ sí mi, pẹ̀lú ìka méjì tí kò lè ká.

“Oya,” ó ní. “Show dem.”

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé ojú àpá náà, mo sì tẹ̀ ẹ́.