Ẹni Tí A Tutọ́ Sí Lára ní Bẹ́yẹrúnkà

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé abọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kò sì dára fún ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Tí mo bá máa parọ́ mọ́ ara mi, mi ò ní pa èyí tó máa dójú tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ti pẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ló wà lóde nígbà náà. Àwa mẹ́ta la dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀ nígboro Ìbàdàn, a sọ orúkọ rẹ̀ ní Pàǹtí. Bẹ́ẹ̀ ni, pàǹtí tí wọ́n ń gbá dànù. Délé ló ń ta gìtá, Múfú ló ń lu ìlù òyìnbó, èmi ni mo ń kọrin, bí èèyàn bá lè pè é ní orin. Pọ́ńkì rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Délé ló kó o bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti lọ lo ọdún kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orin ọ̀hún kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ká pariwo, ká máa fò sókè, ká ya ṣòkòtò wa lórúnkún, ó parí.

Délé tún sọ nǹkan kan fún wa. Ó ní ní Lọ́ńdọ̀nù, bí orin bá ti gbóná, olórin á tutọ́ sí àwọn èrò, àwọn èrò náà á tutọ́ padà sí i. Ó ní bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ hàn síra wọn nìyẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ rírùn. Èmi tí ìyá mi máa ń gbá létí tí mo bá tutọ́ sílẹ̀ níbi tí àgbà wà, mo jókòó, mo ń gbọ́ èyí, mo ń rẹ́rìn-ín, mo tún ní ó dáa.

Kò sí gbọ̀ngàn tó fẹ́ gbà wá. Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká dárúkọ ti Mápó. Bàbá Múfú ló ṣàánú wa. Ó ní ká wá ṣeré wa ní àgbàlá agboolé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà lẹ́yìn ìrun Àsárì, ká sì palẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó pe ti Màgàríbì. Lójú gbogbo wa ló ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Múfútáù, o ti rí iléèwé olùkọ́ni wọ̀, èmi ni mo sì fẹ́ rán ẹ lọ. Tí ìwọ̀sí bínńtín bá kan ilé yìí látàrí ẹ, oko kòkó lo máa gbà lọ."

Bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ lásán. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀.

Sàréè bàbá tó bí bàbá Múfú wà ní àgbàlá náà. Ara ẹ̀yin ará ìta lè bù máṣọ, àwa kì í bẹ̀rù sàréè inú ilé. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó ga dé orúnkún, ó fẹ̀, ó ń dán. Àwọn ọmọdé ń ṣe iṣẹ́ iléèwé lórí rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ń sá ata sí i. Ìyá Àgbà, ìyàwó tí bàbá náà fi sílẹ̀ lọ, á jókòó sétí rẹ̀ lójoojúmọ́, á na ẹsẹ̀, á máa ròyìn ilé fún ọkọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Délé ní orí sàréè ni ká ti ṣeré torí pé ó ga, kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló kó ata kúrò fún wa.

Múfú nìkan ló fà mí sẹ́yìn. Ó sọ ọ́ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́.

"Jọ̀ọ́, ká yọ ti itọ́ yẹn kúrò. Bàbá wa ló wà nísàlẹ̀ níbí."

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́ o. Etí mi ò di.

Èrò bíi ogójì ló wá, àwọn ọ̀dọ́ láti Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Oníyanrìn. Oòrùn ṣì ń mú. A kọ orin àkọ́kọ́, a kọ èkejì, wọ́n kàn ń wò wá bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó já okùn. Ojú ń tì mí. Nígbà tí a bọ́ sí ẹ̀kẹta, Délé ṣẹ́jú sí mi. Mo wo Múfú, ó mi orí pé rárá. Mo ha itọ́ láti ọ̀fun, mo tu ú. Kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Orí sìmẹ́ńtì ló bọ́ sí níwájú bàtà mi, ó funfun, ó yi.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó tu tirẹ̀ padà. Òmíràn tu. Kí n tó mọ̀, gbogbo wọn ti dà á bolẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí ẹ̀gbin tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ti ẹni tó jẹ ẹ̀pà, ti ẹni tó jẹ obì, ti ẹni tí òtútù mú, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí wa lára, ó ń ṣàn lórí ìlù. Inú Délé ń dùn. Múfú ń lu ìlù, ó sì dorí kodò.

Ibẹ̀ ni mo ti wo ilẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Sìmẹ́ńtì náà gbẹ. Èyí tí mo tu fúnra mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Òórùn tábà wọ̀ mí nímú. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá arúgbó kan ti jókòó sétí sàréè, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó na ẹsẹ̀. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé ló wá bá wa wí. Ìgbà tó yá ni mo rí aṣọ rẹ̀. Gbogbo itọ́ tó ti bọ́ sórí sàréè, ara rẹ̀ ló wà. Ó lẹ̀ mọ́ fìlà rẹ̀, ó ń kán létí rẹ̀, ó ń fà bí ilá ní èjìká rẹ̀. Bí wọ́n ti ń tu òmíràn, òun náà ló ń bọ́ lé. Wọn ò rí i.

Ó yíjú sí mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sọ́wọ́. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn ń wò mí bí àgbà ṣe ń wo ọmọ tó yàgbẹ́ sáàárín ilé. Ó da ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́nu ara rẹ̀, ó panu dé.

Ẹnu tèmi ló kún.

Ó tutù. Ó ń yọ̀. Mo tọ́ ẹ̀pà wò nínú rẹ̀, mo tọ́ obì wò, mo tọ́ tábà wò, àti nǹkan kan tó ti jẹrà tí mi ò mọ̀. Ohùn mi dá.

Délé dá gìtá dúró, torí Ìyá Àgbà ti jáde. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó lọ tààrà sétí sàréè, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ń fi nu afẹ́fẹ́. Lójú àwọn yòókù, afẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú èèyàn ló ń nù: ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn etí, abẹ́ àgbọ̀n. Nígbà tó fún gèlè náà, omi yíyọ̀ dà jáde nínú rẹ̀. Gbogbo èrò rí ìyẹn. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

Ìyá Àgbà ní, "Ta ló kọ́kọ́ tutọ́ sí ọkọ mi lára?" Ohùn rẹ̀ ò sókè rárá.

Bàbá Múfú ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó lè dáhùn, àfi kí n gbé e mì tàbí kí n tu ú síbẹ̀. Mi ò lè ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹnu ló kún, ọwọ́ ò kún. Mo lè na ọwọ́ mi sókè. Mi ò nà án.

Múfú wò mí, ó ní, "Èmi ni, Ìyá."

Mo sá jáde lọ sójú gọ́tà. Ohun tí mo tu dúdú, ó ń rùn tábà. Kí n tó gbórí sókè, ó tún ti kún. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Múfú ti wà lóko kòkó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà lọ bá bàbá rẹ̀. Tí mo bá ti ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kì í ṣe Múfú," ibẹ̀ ló ti ń kún, màá sì fọwọ́ bo ẹnu sá jáde. Tí mi ò bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu mi á dá ṣáká. Dókítà eyín yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́, mi ò fi ránṣẹ́ títí bàbá Múfú fi kú. Ara mi ń rí mi lára.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo pàdé Múfú ní Ọjà'ba. Ó ti di àgbẹ̀ pátápátá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le. Ó fẹ̀rín kí mi. Mo lanu láti bẹ̀ ẹ́, ó kún, mo yára fi áńkáṣíìfù bò ó.

Ó rọra bi mí pé, "Bàbá wa tó wà nísàlẹ̀ ò tíì fi ẹ́ sílẹ̀?"

Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má tutọ́ síbi tí ẹ ò bá mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá sì ti ṣe é, tí ẹlòmíràn fẹ́ bá yín rù ú, ẹ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá gbà pé kí ẹ gbé e mì. Èmi rò pé kíkọ á rọrùn ju sísọ lọ. Ike kan tí mo ń tu ú sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dà á nù láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.